Bí A Ti Í To Ìdì Káàdì fún Eré Magic: Ìdáhùn sí Ìwé Ìyá Kan

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó wí pé ọmọkùnrin òun, ẹni ọdún mẹ́tàlá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré káàdì kan tí à ń pè ní Magic: The Gathering, àti pé ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó ń lọ sí ilé ìtajà kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pàdé láti ṣe eré náà. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ti borí. Nígbàkúùgbà tí ó bá pàdánù, a máa gbà pé káàdì rere ni kò tó lọ́wọ́ òun, a sì fi owó tí bàbá rẹ̀ fún un fún oúnjẹ ọ̀sán ra páálí káàdì mìíràn. Ìyá náà béèrè lọ́wọ́ wa bóyá owó ni ọmọ náà ṣe aláìní, tàbí ìmọ̀. Ó ṣeun tí ó jókòó kọ orúkọ gbogbo káàdì tí ọmọ náà ń lò ránṣẹ́ sí wa. A kà wọ́n. 94 ni wọ́n.

Kì í ṣe owó. Káàdì tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ti tó, wọ́n tilẹ̀ ti pọ̀ jù. Ohun tí ó kù ni kí ó mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́ síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá kì yóò gbà wá gbọ́, nítorí náà a ó la ọ̀rọ̀ náà yéni pẹ̀lú ìṣirò, kí òun fúnra rẹ̀ lè mú pẹ́ńsù kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá yìí kò béèrè nípa idán tí ó wà nínú orúkọ eré náà, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú yín yóò béèrè. Ìtàn àròsọ ni. Ẹni méjì jókòó, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé oṣó méjì ni àwọn tí ń bá ara wọn jà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa ti ń pa àlọ́ láìsọ ara wọn di ìjàpá. Àwòrán ẹ̀mí àìmọ́ wà lórí díẹ̀ nínú àwọn káàdì náà; òbí tí kò bá fẹ́ irú rẹ̀ nínú ilé lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó yọ wọ́n kúrò, eré náà kì yóò bàjẹ́ nítorí èyí. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun tí a bi wá.

Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe eré náà, ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1993. Oríṣi káàdì 295 ni ó wà nínú àkọ́tẹ̀; èyí tí ó ti jáde láti ìgbà náà wá ti ju 20,000 lọ. Olúkúlùkù òṣèré ni ó ń mú ìdì káàdì tirẹ̀ wá láti ilé, èyí ni ó sì mú kí ó yàtọ̀ sí Whot, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń fa káàdì láti inú ìdì kan ṣoṣo. Nínú Whot, bí ó bá ti bọ́ sí ẹni lọ́wọ́ ni. Nínú eré yìí, ìdajì ìjà ti parí kí a tó kúrò nílé, lórí tábìlì tí a ti to ìdì náà.

Ẹ̀mí 20 ni olúkúlùkù fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú káàdì méje lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá tán ni ó pàdánù. Nígbà tí ó bá kan ẹnìkan, yóò fa káàdì kan sí i, àyàfi ẹni tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tí kì í fa káàdì ní ìyípo rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan ó lè fi ilẹ̀ kan ṣoṣo lélẹ̀. Ilẹ̀ ìpìlẹ̀ márùn-ún ni ó wà: pẹ̀tẹ́lẹ̀ fún àwọ̀ funfun, erékùṣù fún búlúù, irà fún dúdú, òkè fún pupa, igbó fún àwọ̀ ewé. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan a máa mú ẹyọ agbára kan wá ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, agbára yìí ni a sì fi ń san owó gbogbo káàdì yòókù. Mánà ni wọ́n ń pè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé oúnjẹ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn sì sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní àṣẹ.

Àwọn káàdì tí a ń fi mánà ra ni ẹ̀dá tí ń jà, àti iṣẹ́ idán tí ń ṣẹlẹ̀ lójú kan náà. Grizzly Bears jẹ́ ẹ̀dá: mánà méjì ni owó rẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti inú igbó wá; a máa lu ni ní méjì, bí a bá sì lu òun náà ní méjì yóò kú. Shivan Dragon ń gba mánà mẹ́fà, méjì nínú rẹ̀ láti orí òkè. Ó ń fò, ó sì ń lu ni ní márùn-ún. Lightning Bolt, mànàmáná, ń gba ẹyọ mánà kan láti orí òkè, yóò sì ṣe ìpalára mẹ́ta fún ẹ̀dá kan tàbí fún alátakò fúnra rẹ̀.

Ẹ tún ka èyí lẹ́ẹ̀kan sí i: ilẹ̀ kan ṣoṣo ní ìyípo kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ títo ìdì káàdì, inú gbólóhùn kékeré yìí ni ó ti jáde wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo iye káàdì ná. Òfin wí pé ìdì kò gbọ́dọ̀ dín ní 60. Kò sọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, níwọ̀n ìgbà tí òṣèré bá lè fi ọwọ́ rẹ̀ pò ó. Níhìn-ín ni ẹni tuntun ti ń ṣìnà, nítorí ó rò pé ẹni tí ó ní ọmọ ogun púpọ̀ ni yóò ṣẹ́gun. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1993, ìdì 40 pàápàá tó, kò sì sí òfin tí ó sọ iye ẹyọ káàdì kan náà tí ènìyàn lè lò. Garfield rò pé páálí díẹ̀ ni ẹnikẹ́ni yóò rà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: àwọn kan kó ogún ẹyọ káàdì kan ṣoṣo jọ, wọ́n sì ń pa alátakò kí ó tó rí ohunkóhun ṣe. Ní ọdún 1994 ni àwọn tí ń darí ìdíje fi òfin lélẹ̀ pé kí ìdì má ṣe dín ní 60, kí ẹyọ káàdì kan náà má sì ṣe ju mẹ́rin lọ, àyàfi àwọn ilẹ̀ ìpìlẹ̀ márùn-ún nì. Òfin náà wà títí di òní. Ẹ kíyè sí ohun tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀: ẹni tí ó mọ eré náà dunjú ni ẹni tí a ní láti fi òfin dá dúró kí ó má baà lo káàdì kan náà ju mẹ́rin lọ. Ẹni tuntun kò nílò òfin náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń kó gbogbo rẹ̀ sí.

Ọmọ yìí ní Shivan Dragon kan, ìyá rẹ̀ sì wí pé abẹ́ ìrọ̀rí ni ó ń fi sí sùn. Ká ní òun ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tí yóò bá fi dé ìyípo kẹrin, káàdì mẹ́wàá ni ojú rẹ̀ yóò ti rí. Nínú ìdì 94, pé Dragon náà wà lára mẹ́wàá wọ̀nyí jẹ́ 10 nínú 94, èyí tí kò tó ìgbà kan nínú mẹ́sàn-án. Nínú ìdì 60, ìgbà kan nínú mẹ́fà ni. Ká tilẹ̀ ní ó ní ẹyọ mẹ́rin: nínú ìdì 60, bí a bá fa káàdì méje àkọ́kọ́, nǹkan bí ìgbà 40 nínú 100 ni yóò rí ọ̀kan, ó kéré tán. Bí ìdì bá di 80, ó di 31. Bí ó bá di 100, ó di 25 àti díẹ̀. Ẹni tí ó bu omi sí ọbẹ̀ kí ó lè pọ̀, ó pọ̀ nítòótọ́. Ẹran inú rẹ̀ ni kò pọ̀ sí i. Káàdì kọkànlélọ́gọ́ta tí ọmọ yín fi kún un, bí kò bá sàn ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ńṣe ni ó ń bo èyí tí ó sàn mọ́lẹ̀.

Nípa ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti burú jù, a sì fẹ́ kí ìyá yìí ka ibí yìí sí ọmọ rẹ̀ létí. Nínú káàdì 94 tí ó kọ ránṣẹ́, ilẹ̀ jẹ́ 22 péré. A jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ó bá fa káàdì méje láti inú ìdì yìí, nǹkan bí ìgbà 48 nínú 100 ni yóò rí ilẹ̀ kan ṣoṣo tàbí kí ó má rí ọ̀kan rárá. Èyí ni pé ní nǹkan bí ìdajì gbogbo eré tí ọmọ náà ti ṣe láti oṣù mẹ́rin yìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù kí ó tó gbé káàdì kan lélẹ̀. Kò sí Dragon tí owó lè rà tí yóò wo irú àrùn yìí sàn, nítorí Dragon ni yóò kọ́kọ́ há sí i lọ́wọ́.

Ní ti àwọn tí ó ti pẹ́ nínú eré náà, ilẹ̀ 24 ni wọ́n sábà máa ń fi sínú ìdì 60, èyí tí í ṣe méjì nínú márùn-ún. Ẹ wo bí ó ti bá ara mu: ní ìyípo kẹrin, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ti rí káàdì mẹ́wàá, méjì nínú márùn-ún mẹ́wàá sì ni mẹ́rin, ilẹ̀ mẹ́rin ní ìyípo kẹrin gan-an, bí a bá mú un ní ìwọ̀n. Pẹ̀lú ilẹ̀ 24 yìí, ọwọ́ àkọ́kọ́ tí kò ní ju ilẹ̀ kan lọ kì í ṣẹlẹ̀ ju nǹkan bí ìgbà 14 nínú 100 lọ, èyí tí ó sì ní ilẹ̀ méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 77. Ẹni tí gbogbo káàdì rẹ̀ jẹ́ olówó kékeré lè dín in kù sí 22 tàbí 21. Ẹni tí ó ń retí àwọn ẹ̀dá ńláńlá lè gbé e dé 26. Ṣùgbọ́n kí ẹni tuntun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 24, kí ó má sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ wọ̀ ọ́ láti yọ ilẹ̀ kan nítorí káàdì kan tí ó wù ú. A mọ̀ pé ilẹ̀ kò ní àwòrán ìjà, kò sì sí ọmọ tí ń fi ilẹ̀ yangàn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣu ni a ń jẹ lórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ ebè.

Ohun kan tún wà nínú àkọsílẹ̀ náà: àwọ̀ márààrún ni ó kó sínú ìdì kan. Igbó kò lè san owó Lightning Bolt, òkè kò sì lè san ti Grizzly Bears. Ẹni tí ó kó àwọ̀ márùn-ún jọ ní ilẹ̀ lórí tábìlì ní tirẹ̀, ó ní káàdì lọ́wọ́, wọn kò sì gbọ́ èdè ara wọn. Àwọ̀ kan tàbí méjì ni ó tọ́ fún olùbẹ̀rẹ̀. Nínú káàdì ọmọ yìí, ti igbó ni ó pọ̀ jù, ti òkè tẹ̀ lé e. Kí ó mú méjèèjì yìí, kí ó sì kó mẹ́ta yòókù sínú páálí bàtà. Ìyá náà kọ̀wé pé Serra Angel ni òun fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí àwòrán ańgẹ́lì tí ó wà lórí rẹ̀. Ó dùn wá láti sọ fún un pé funfun ni, mánà márùn-ún sì ni owó rẹ̀, méjì nínú rẹ̀ láti inú pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò sí àyè fún un. Kí ó gbé e kọ́ sára ògiri.

Nísinsìnyí kí ọmọ náà to káàdì rẹ̀ sórí tábìlì ní ìlà-ìlà gẹ́gẹ́ bí owó wọn: olówó mánà kan ní ọwọ́ òsì, olówó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mẹ́ta, mẹ́rin, títí lọ. Bí ó bá tò wọ́n tán, kí ó rí i bí àtẹ̀gùn tí ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún: púpọ̀ ní olówó kékeré, díẹ̀ ní olówó ńlá. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ìyípo kejì ilẹ̀ méjì ni ó ní, bí kò bá sì sí ohun tí ó lè fi mánà méjì náà rà, wọn kò sí fún un mọ́. Mánà àná kò ṣeé ná lónìí. Alátakò rẹ̀ tí ó ná tirẹ̀ ti ṣíwájú.

Àwọn àgbà eré náà pàápàá kò tètè mọ èyí. Ní ọdún 1996, ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, Paul Sligh mú ìdì pupa kan tí Jay Schneider ti ronú rẹ̀ lọ sí ìdíje tí a fi ń yan àwọn tí yóò lọ sí Pro Tour, èyí tí í ṣe ìdíje àwọn ọ̀gá. Ironclaw Orcs wà nínú ìdì náà, káàdì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bẹ̀ wò: mánà méjì ni owó rẹ̀, ó ń lu ni ní méjì, ojo sì ni, nítorí kò lè dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀dá kankan tí lílù rẹ̀ bá tó méjì. Àwọn tí ó rí ìdì náà lè rò pé ẹni tí kò rówó ra káàdì ni ó ni ín. Síbẹ̀ Sligh ṣe ipò kejì. Schneider kò bi ara rẹ̀ pé káàdì wo ni ó lágbára jù. Ó bi ara rẹ̀ pé báwo ni òun yóò ti ná gbogbo mánà òun tán ní ìyípo kìíní, ní ìkejì, ní ìkẹta, láìjẹ́ kí ẹyọ kan ṣòfò. Orúkọ Sligh di orúkọ irú ìdì bẹ́ẹ̀, àwọn òṣèré sì ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ìdì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń wá pẹ̀lú. Mike Flores kọ àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1999 tí àwọn òṣèré ṣì ń tọ́ka sí, nínú èyí tí ó wí pé nínú eré kọ̀ọ̀kan ẹnìkan ni ó yẹ kí ó máa kánjú lu ẹnìkejì, ẹnìkejì ni ó sì yẹ kí ó máa dáàbò bo ara rẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi tó. Ẹni tí ó bá ṣi ipò rẹ̀ mọ̀ yóò pàdánù. Fún ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kíkánjú ni ó rọrùn jù. Kí gbogbo káàdì inú ìdì rẹ̀ máa dáhùn ìbéèrè kan náà: báwo ni èyí yóò ti ràn mí lọ́wọ́ láti mú ẹ̀mí 20 alátakò mi wá sí òfo kíákíá? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn tí àwọn òṣèré fi ń kọ́ ẹni tuntun, àwa pẹ̀lú sì fọwọ́ sí i. Yan oríṣi káàdì mẹ́sàn-án. Mú mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 36; fi ilẹ̀ 24 kún un, ó di 60. Ìdì ti parí. Bí ẹyọ káàdì kan kò bá pé mẹ́rin lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ó wá ìbátan rẹ̀ tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Balduvian Bears kò yàtọ̀ sí Grizzly Bears ju orúkọ àti àwòrán lọ. Shock jẹ́ àbúrò Lightning Bolt, owó kan náà ni wọ́n ń gbà, àyàfi pé méjì ni ìpalára tirẹ̀ dípò mẹ́ta.

Láti inú àkọsílẹ̀ tí ó wà níwájú wa, a ti to ìdì kan fún un. Ní olówó mánà kan: Llanowar Elves mẹ́rin, tí àwọn fúnra wọn ń mú mánà wá bí ilẹ̀, Lightning Bolt méjì àti Shock méjì, Giant Growth mẹ́rin, tí ń fi mẹ́ta kún lílù àti ìfaradà ẹ̀dá kan títí ìyípo náà yóò fi parí. Ní olówó méjì: Grizzly Bears mẹ́ta pẹ̀lú Balduvian Bears kan, àti Goblin Piker mẹ́rin. Ní olówó mẹ́ta: Centaur Courser mẹ́rin àti Trained Armodon mẹ́rin, tí olúkúlùkù wọn ń lu ni ní mẹ́ta. Ní olówó mẹ́rin: Giant Spider mẹ́rin, aláǹtakùn tí ó lè dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí ń fò. Ní olówó mẹ́fà: Craw Wurm mẹ́ta, àti Shivan Dragon ọmọ náà, nítorí a kò jẹ́ ya ọmọ àti ohun tí ó ń fi abẹ́ ìrọ̀rí sí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 36. Méjìlá jẹ́ olówó kan, mẹ́jọ olówó méjì, mẹ́jọ olówó mẹ́ta, mẹ́rin olówó mẹ́rin, mẹ́rin olówó mẹ́fà. Àtẹ̀gùn náà ń sọ̀kalẹ̀ bí ó ti yẹ.

Báwo ni a ó ti pín ilẹ̀ 24 náà? Káàdì ti igbó jẹ́ 27, ti òkè jẹ́ mẹ́sàn-án. Bí a bá pín in ní ìbámu gan-an, igbó 18 àti òkè mẹ́fà ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n òkè mẹ́fà kéré jù: nínú káàdì mẹ́wàá àkọ́kọ́, nǹkan bí ìgbà 68 nínú 100 ni yóò rí ọ̀kan nínú wọn, nígbà yòókù Lightning Bolt yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìwúlò. Bí òkè bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ó di 83. Nítorí náà kí ó lo igbó 15 àti òkè mẹ́sàn-án. Ẹnìkan lè wí pé 16 àti mẹ́jọ ni ó dára jù, a kò ní bá a jà.

Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ owó. Páálí tí a dì pa, tí ènìyàn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó tó rà á, ni ọmọ náà ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ rà. Nígbà àtijọ́ káàdì 15 ni ó ń wà nínú páálí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ ọ̀wọ́n, mọ́kànlá sì jẹ́ irú èyí tí ó wà káàkiri. Láti ọdún 2024, 14 ni ó ń wà nínú páálí tí a sábà ń tà. Ìgbádùn wà nínú ṣíṣí i, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá Lightning Bolt méjì tí ó sì ń ra páálí kí ó lè rí wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ tí a kò sì fẹ́ fi sẹ́nu nípa ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Àwọn ilé ìtajà a máa ta káàdì ní ẹyọ-ẹyọ pẹ̀lú, àwọn tí ó wà káàkiri kì í sì í wọ́n. Kí ìyá yìí bá ọmọ rẹ̀ lọ ní Àbámẹ́ta kan, kí ó ra Lightning Bolt méjì tí ó kù, kí ó sì pa àpò rẹ̀ dé. Bí ó bá wà níbẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ olùtajà irú eré tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ṣe àti àwọn káàdì tí wọ́n gbà láyè, nítorí àwọn ìdíje kan kì í gba káàdì àtijọ́. Bí wọ́n bá sì sọ pé Commander ni, ọ̀tọ̀ ni òfin tirẹ̀: ìdì 100 géérégé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní oríṣi kọ̀ọ̀kan, ẹ̀mí 40. Ohun tí a sọ nípa àwọ̀ àti àtẹ̀gùn wúlò níbẹ̀ náà, ìṣirò mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́rin ni kò bá a mu.

Kí ó mọ òfin kan sí i kí ó tó jókòó, nítorí a fura pé kò lò ó rí. Bí káàdì méje àkọ́kọ́ kò bá dára, kò di dandan kí ó gbà á. Láti ọdún 2019, ẹni tí kò bá fẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò dá a padà, yóò pò ó, yóò tún fa méje, lẹ́yìn náà yóò fi ẹyọ kan sí ìsàlẹ̀ ìdì. Bí ó bá tún dá a padà nígbà kejì, yóò fi méjì sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ tí kò ní ju ilẹ̀ kan lọ, kí ó dá a padà. Èyí tí ó jẹ́ ilẹ̀ mẹ́fà tàbí méje, kí ó dá òun náà padà. Ọmọdé a máa bẹ̀rù láti fi káàdì kan ṣòfò, kò mọ̀ pé káàdì mẹ́fà tí ń ṣiṣẹ́ sàn ju méje tí ń wo òun lójú lọ.

Kí ó wá fi ìdì 60 yìí ṣe eré nígbà mẹ́wàá láìyí ohunkóhun padà, bí ó tilẹ̀ pàdánù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí ó mú ìwé kékeré kan dání, kí ó máa kọ nǹkan méjì sílẹ̀ lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan: iye ilẹ̀ tí ó ní ní ìyípo kẹrin, àti orúkọ káàdì tí ó kù sí i lọ́wọ́ láìlò nígbà tí eré parí. Bí ó bá di ìgbà kẹwàá, kí òun àti ìyá rẹ̀ jókòó ka ìwé náà pọ̀. Bí ilẹ̀ bá sábà máa ń dín ní mẹ́ta, kí ó fi ọ̀kan kún un, kí ó sì yọ Goblin Piker kan. Káàdì tí orúkọ rẹ̀ bá jáde nígbà márùn-ún, kí ó yọ ọ́, ìbáà ṣe Shivan Dragon.